Ọkọ̀ Tí Mo Sọ Di Oko

Òjò ń rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé náà, irú òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò tó ohun tí ènìyàn ń sá fún, síbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ènìyàn jáde. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ọkọ mi wà nídìí tábìlì pẹ̀lú ife tíì tó ti gbàgbé láti mu. Bọ́tìnnì kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó gbé e súnmọ́ ojú.

Ó ní, "Ihò mẹ́rin ló ní. Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o ń ki òwú bọ̀, àbí méjì?"

Mo ní, "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni."

Ó ní, "Ó dára," ó sì fún mi ní bọ́tìnnì mi bí ẹni tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé-ẹ̀rí.

Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bú òjò díẹ̀, mo wá abẹ́rẹ́ tó wà lára kọ́là ẹ̀wù mi, a jiyàn lórí ẹni tó gbàgbé láti ra ṣúgà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé fóònù rẹ̀, tó fi ti ara agolo ṣúgà tó ṣófo, ń ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àwòrán àti ohùn, fún wákàtí kan ó lé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo fẹ́, kí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín lè ní ìtumọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni àgbà ilé ìkẹ́rùsí wọn. Láti orí ṣọ́ọ̀kì dé orí àga, kò sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò rà tí kò ní kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá Ìdánwò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì bá a délé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra agbòjò fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọ̀kan wálé, ó ṣí i, ó dúró sábẹ́ omi nínú balùwẹ̀ wa pẹ̀lú bàtà, táì àti aago ọwọ́. Àbúrò mi obìnrin ló wọlé bá a. Ó sá jáde wá bá mi ní yàrá ìdáná, ó rọra béèrè bóyá ara Bùrọ̀dá kò yá. Mo ní ara Bùrọ̀dá le koko, agbòjò ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Èmi náà gba ìdánwò tèmi. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ó tó sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìdáhùn mi fi dé sí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí mi, òun sì ti fún mi ní mẹ́rìnlá. Mo bi í pé bí n kò bá wá dáhùn títí mẹ́rìnlá fi pé ńkọ́. Ó ní òun ì bá kọ lẹ́tà méjì sí i, nítorí ẹ̀rí kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun gbogbo, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń ṣe é. Yóò wá fi pẹ́ńsù kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo búlúù. Mo bẹ̀rù ìwé náà ju bí mo ṣe bẹ̀rù ìyá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ra fláàṣì ọgọ́ta, ohun kékeré tí wọ́n ń kì sára kọ̀ǹpútà láti fi kó iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Wọ́n ní kí ó yan èyí tó dára jù lọ, kí ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ wá. Onísọ́ọ̀bù mẹ́ta ni ó fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹta nínú wọn jẹ́ opó kan tó ní ìsọ̀ tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkọ mi sọ fún mi pé nígbà tí òun béèrè bóyá òun lè dán tirẹ̀ wò dáadáa, obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ dán an wò bó ṣe wù yín. Ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná bí ẹ bá fẹ́."

Ó nílò ẹrù tó wúwo tí yóò fi dán eré wọn wò. Nítorí náà ni ó ṣe ya wá sílẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Mo bínú nígbà tí mo gbọ́, nítorí irun mi kò dára. Ó ní fláàṣì kì í wo irun.

Ó kó wa sínú fláàṣì àkọ́kọ́, ó sì fi aago tí wọ́n fi ń ka eré ìje mú un: ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Èkejì rìn dé àárín, ó dúró bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń bínú. Ti opó yìí, dúdú, kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, gbé wa lọ ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Ó tún un ṣe. Méjìlá. Ó tún un ṣe. Méjìlá. Ọkọ mi bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu ún, n kò rí i kí ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí àkọ́bí wa.

Ó ní ohun tí kò bá lórúkọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè bi í léèrè. Ó bá sọ ọ́ lórúkọ, Ọkọ̀, nítorí pé ẹrù ni yóò máa gbé. Orúkọ náà ni yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà nígbàkígbà tí a bá kì í bọ̀ ọ́. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ nìkan gbà á ní ọ̀sán kan gbáko, nítorí ọkọ mi kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ó ní ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i dà bí ẹni tó kọ́lé tí kò fi ilẹ̀kùn sí i: onílé nìkan ló mọ ibi tí yóò gbà wọlé.

Ó fi Ọkọ̀ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ó ṣàlàyé pé eré sísá nìkan kò tó, pé ohun tí a fẹ́ lò lójoojúmọ́, àfi kí a bá a gbé. Òun kò lè ṣe é fúnra òun, nítorí òun mọ̀ pé ìdánwò ni, òun yóò máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ránṣọ, tí mo sì ń tọ́jú ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sínú kọ̀ǹpútà ìsọ̀ mi, èmi ni ó yẹ.

"Ọjọ́ méje péré," ó ní. "Lò ó bí ẹni tí kò bìkítà. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé níbo ni ọkọ rẹ wà, sọ pé ó wà nínú báàgì."

Mo ní, "Kí n sọ pé èwo nínú wọn?"

Ó ní, "Èyí tó yára."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo lò ó bí ẹni tí kò bìkítà. Ní ọjọ́ kẹta, Ọkọ̀ dàwátì.

Mo yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà ní ìsọ̀ ní ọ̀sán Túsìdé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ síbì kan nítòsí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo mọ ìyẹn náà. Ìpè wọlé, mo dáhùn, mo parí iṣẹ́ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, oníbàárà wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo máa nawọ́ sí fláàṣì, n kò bá nǹkan kan. Mo gbọ́n gbogbo aṣọ. Mo gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Mo tú àpò ìdọ̀tí sórí ìwé ìròyìn, mo sì fi ọwọ́ yọ àjákù òwú ní ẹyọ ẹyọ. Mo rí abẹ́rẹ́ mẹ́fà àti yẹtí kan tí mo ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Àbúrò mi tó ń ṣe irun ní ìsọ̀ òdìkejì wá wo ohun tí mo ń wá. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ó ní, "Àǹtí mi, fláàṣì dúdú pọ̀ nígboro bí èèrà. Ẹ ra òmíràn."

Mo ní mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún un ni.

Ó ní, "Ta ni? Ẹni tó wọ táì sábẹ́ agbòjò nínú balùwẹ̀? Ẹ sọ fún un. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé búlúù. 'Fláàṣì: ó yege. Ìyàwó: ọjọ́ mẹ́ta.'"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù ìbínú rẹ̀, nítorí kì í bínú. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pẹ́ńsù. Mo ti bá ọkùnrin yìí gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì fẹ́ máa yege lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo rí ìbejì Ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀. Dúdú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ọkùnrin náà búra pé ó yára ju èrò ọkàn lọ. Ní Sátidé, ọkọ mi lọ gẹrun, èmi sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé. Mo ní kí ó máa da àwòrán wa kọ sínú fláàṣì tuntun. Mo fọ abọ́. Mo lọ aṣọ méjì. Mo padà dé, ó ṣì ń da àwòrán kọ. Ó yẹ kí ojú mi ti là níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ń lé kì í wo ohun tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó wá ku orúkọ. Mo rántí pé ó ní àmì lórí, ó sì ní nǹkan kan nísàlẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo tẹ O, mo tẹ K, mo tẹ O. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé ta ni yóò máa wo àmì lójú ẹ̀rọ.

Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọkọ mi fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ó ní kí n wá jókòó ti òun gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó tẹ aago.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú méjì. Ó gbọn aago, ó gbé e sétí. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún ó wò mí.

"Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀."

Ó rò ó. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, yóò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi rò ó, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ó ní òun kò tíì gbọ́ pé ó máa ń rẹ fláàṣì, ṣùgbọ́n ohun tí òun kò tíì gbọ́ pọ̀.

Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni. Ẹ sì mọ òfin rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí mo fi jókòó ti ọkùnrin náà, tí mo ń wò ó bó ṣe ń fi etí ẹ̀wù nu aago, tó ń nu jígí, tó ń nu fláàṣì. Mo sọ pé bóyá òtútù ni. Mo sọ pé bóyá iná kò tó. Nígbà tó di ìkẹta, ó gbé pẹ́ńsù rẹ̀ kalẹ̀.

"Bóyá èmi ni," ó ní. "Bóyá ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ṣì í kà. Ọjọ́ ogbó ti ń dé."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ẹnu mi ti là. Mo ní, "Ṣé kí n po tíì?"

Láti ọjọ́ yẹn ni irọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀. Ní Mọ́ńdé, ó gbé aago lọ fún ẹni tó ń tún aago ṣe. Ẹni náà ní aago le ju òun tó ń tún un ṣe lọ. Ọjọ́ kan náà ni ó pe opó yẹn lórí fóònù níwájú mi, ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ohun tó fún òun dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn òun ní àárọ̀ Ẹtì. Mo rò pé obìnrin náà yóò jà. Kò jà. Ohùn rẹ̀ jáde kedere nínú fóònù.

"Bàbá, bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ kì í purọ́."

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Ọjà ọjọ́ kan ni fláàṣì ọgọ́ta jẹ́ fún ìsọ̀ ńlá. Fún ìsọ̀ tóóró yẹn, odidi ọdún ni. Ìròyìn náà sì ni èyí tí ọkọ mi yóò kọ gbẹ̀yìn kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n òtítọ́, èmi ni mo fẹ́ bá a fi irọ́ dé e lórí.

Mo lọ bá àbúrò mi. Ó ní kí n ṣì dákẹ́ ná, pé ohun tí ojú kò rí, ẹnu kì í jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní àsìkò yìí, òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní Ọjọ́rú, ọkọ mi lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kò ní àléébù, àmọ́ jígí ojú rẹ̀ ti pẹ́ jù. Wọ́n fún un ní tuntun ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbé e wálé, ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní òun kò mọ̀ pé mo ní àmì kékeré yẹn lẹ́bàá imú. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kọ̀wé.

Ó pẹ́ níbẹ̀. N kò gbọ́ ìró aago. Nígbà tó jáde, àpòòwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ohunkóhun wà tó yẹ kí òun mọ̀ kí òun tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Mo ní kò sí.

Nígbà tí a ń jẹun, ó tún béèrè. Mo tún ní kò sí.

Ní àárọ̀ Ẹtì, ó sìn mí dé ìsọ̀ mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Agogo mẹ́sàn-án ku díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpòòwé náà, ó wo ẹ̀rọ mi, ó wo ilẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ," ó ní, "ṣé kò sí nǹkan kan?"

Mo ti la ẹnu láti sọ pé kò sí lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan dúró gìrì níwájú ìsọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro. Oníbàárà mi ni. Èmi ni mo gé etí ṣòkòtò dúdú tó wọ̀ kúrú, tí mo sì ṣẹ́ ẹ po fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní ọ̀sán Túsìdé.

Ó kí ọkọ mi, ó kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, òun kò wá bá mi jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti ń wọ ṣòkòtò yìí, nígbàkígbà tí òun bá tẹ bíréékì, nǹkan kan máa ń kan òun lójúgun. Òun ti lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní kí òun bọ́ ṣòkòtò, ìrora sì lọ. Ìyàwó òun fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, kò gbọ́.

Mo mọ̀. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Mo rí ara mi ní ọ̀sán Túsìdé, tí mo gbé fláàṣì lé etí ṣòkòtò tó ti ṣẹ́po, tí fóònù dún, tí mo fi èjìká mú un mọ́ etí, tí mo sì ń ránṣọ lọ.

Ẹ wá wo bí èṣù ṣe lọ́gbọ́n tó. Ohun tó yẹ kí n sọ ti tò sí mi lẹ́nu: fi ṣòkòtò sílẹ̀, padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi yóò lọ. Èmi yóò tú u, n ó fi Ọkọ̀ gidi sípò rẹ̀, n ó ju ìbejì rẹ̀ sínú kòtò. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Àfi pé àpòòwé yẹn ì bá ti dé ibi tó ń lọ, opó yẹn ì bá sì ti gba ìdájọ́ tirẹ̀.

Ọkọ mi yẹ aago ọwọ́ rẹ̀ wò, ó yíjú sí ọ̀nà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má ì tíì lọ." Mo yíjú sí awakọ̀. "Bọ́ ṣòkòtò."

Ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi ní kó bọ́ ọ, pé níbí yìí, èmi ni ọ̀gá. Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, ó na ṣòkòtò jáde sí mi. Mo mú abẹ tí mo fi ń tú ojú rírán, mo tú etí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fláàṣì já bọ́ sórí tábìlì, kọ́.

Awakọ̀ yọ orí lẹ́yìn ìkélé.

"Kí nìyẹn?"

Ọkọ mi ní, "Ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ kẹ̀?"

"Ìwọ rò pé ìwọ nìkan ló ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ti ń wà ọ́ lójúgun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo jẹ́wọ́ nígbà náà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́ mi, láti orí ìpè tó wọlé dé orí ọkùnrin ibùdókọ̀, tó fi mọ́ òtútù tí mo purọ́ mọ́. Awakọ̀ ń gbọ́, kò sì lè lọ síbì kankan. Ọkọ mi gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà ó fa fláàṣì kejì yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ó ní, "Jígí tuntun ló fi hàn mí lánàá. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo rí O, mo rí K, mo rí O. Ta ló sọ ọkọ̀ mi di oko? Mo tún un kà ní ohùn mìíràn, èyí tí n kò lè sọ níwájú oníbàárà. Mo wá ní, èmi kọ́ ni mo kọ èyí. Nínú ilé wa, ẹni méjì ló wà."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìkélé, ó sì yára yí i sí ikọ́.

Irọ́ mi ló rán ọkọ mi lọ yẹ ojú wò, jígí tí ojú yíyẹ̀ náà bí ló sì rí àmì tí n kò fi sí i. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ parọ́ fún ẹni tó mọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ àmì ohùn.

Ó ya àpòòwé, ó ní kí n kà á. Ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀: "Fláàṣì tí mo dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe èyí tí wọ́n fún mi. Mo ń dúró de ẹlẹ́rìí mi." Mo wá mọ ìdí tó fi béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ mi kò tíì fi ìdánwò kankan sílẹ̀ ní méjì rí.

Kí ẹ sì mọ irú ẹni tó jẹ́, ó ki Ọkọ̀ bọ kọ̀ǹpútà ìsọ̀ mi níbẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti lọ̀ pẹ̀lú iná, tí awakọ̀ ti fi tẹ bíréékì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó fa aago yọ. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Ó tún un ṣe. Awakọ̀ béèrè bóyá òun lè gba ṣòkòtò òun. Ọkọ mi ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Níta, àwọn ọkọ̀ tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ dí lọ́nà ń fọn fèrè, ẹnìkan sì ń bú ìran awakọ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní ṣòkòtò.

Ní Mọ́ńdé ni ìròyìn gidi wọlé. Wọ́n ra ọgọ́ta lọ́wọ́ opó náà. Mo lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ fúnra mi, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, mo tọrọ àforíjì. Ó wò mí títí, ó ní, "Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ̀ ọ́. N kò mọ̀ pé wọn yóò fún awakọ̀ wọ̀."

Nínú ilé, ọkọ mi kò sọ ọ̀rọ̀ náà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Mo ń ká aṣọ. Ó ní, "Fláàṣì tó sọnù kò dùn mí. Wákàtí kan tí o fi jókòó tì mí, tí mo ń nu aago, tí o sì mọ̀ pé aago kò ní ẹ̀gbin, ìyẹn ló dùn mí."

Mo ká aṣọ náà, mo tún un tú, mo tún un ká.

Lẹ́yìn ìgbà tó sùn lọ sórí àga ni mo ṣí ìwé búlúù. Ó ti kọ ọ́. *Fífọ̀: ó yè é. Lílọ̀: ó yè é. Bíréékì: ó yè é. Ìyára: ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá.* Nísàlẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù kan náà: *Ìyára òtítọ́ nínú ilé yìí: ọjọ́ mẹ́rin, wákàtí mẹ́tàdínlógún. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.*

Ọkọ mi kú ní ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì. Àìsàn náà kò gùn. Nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé, ìyẹn nìkan ni kò dán wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Kọ̀ǹpútà ilé tẹ̀lé e láàárín ọdún kan. Fóònù rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá fún mi, ó ní kí n máa fi wo ojú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Nígbà tó lọ tán, mo yọ fláàṣì nínú báàgì mi, mo kì í bọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ̀ jáde, àmì lórí, àmì nísàlẹ̀. Mo ní kí ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, mo sì tẹ aago ọkọ mi.

Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Lẹ́yìn náà mo wò ó. Òjò ń rọ̀. Bọ́tìnnì kan bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó ka ihò rẹ̀, ó ní, "Ó dára."

Ọkọ mi ti lọ. Ọkọ̀ wà nínú báàgì mi.